Ṣọ́ọ̀kì Tí O Pààrọ̀ Lábẹ́ Ìyá Rẹ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìta Fàájì, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọpẹ́olúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo sì kí Moyọ̀sọ́rẹ aya rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni nínú yín lórí àìsàn. Tí o bá fẹ́ béèrè àlàáfíà tèmi, bí o ti máa ń béèrè lórí fóònù láràárọ̀, "Màmá, ara ńkọ́? Ìbàdí ńkọ́?", màá dá ọ lóhùn lónìí: ara mi le. Kò sígbà kankan tí ara mi ò le. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Màmá kò fi pè. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn kan, wàá fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sọ pé, "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀," ọkàn mi á rọ̀, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Odindi ni màá sọ fún ọ lónìí, nítorí mi ò mọ ohun tí ààbọ̀ máa ń dà nínú rẹ mọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́. O mọ bí kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì yìí ṣe dé ọwọ́ mi. Oníbàárà mi kan ní Ìkòyí, tó ń kó padà sílùú òyìnbó, ló fi gba léèsì lọ́wọ́ mi. Orí òkè ni wọ́n ṣe é fún, ìwọ náà sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé, "Màmá, òkè wo ló wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó?" Mo ní kò sí òkè, ṣùgbọ́n kòtò wà. Kẹ̀kẹ́ tó bá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta á lè kọjá níwájú ilé Alhaja Àdìjátù, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà tí wọn ò dí i láti ìgbà òjò èṣí.

Kì í ṣe orí mi sì ni kẹ̀kẹ́ gígùn ti bẹ̀rẹ̀ ní ìdílé wa. Òṣómàáló ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà, tó ń tà á láwìn láti ìletò dé ìletò. Tó bá padà lọ gba tirẹ̀, kì í pariwo, kì í bú ẹnikẹ́ni. Á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún ni, níṣojú gbogbo àdúgbò, títí wọ́n á fi fún un. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Bí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, á ní, "Bọ́lánlé, dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, jẹ́ kí orúnkún rẹ gbà á." Kẹ̀kẹ́ ìgbà tiwọn kò ní ṣọ́ọ̀kì, orúnkún ni wọ́n ń lò.

Tèmi ní ṣọ́ọ̀kì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó, mo sì fi sùúrù kọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí a kàn ń rà. Ìwọ̀n ara ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é sí. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú méjèèjì. Bó bá pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ á le gbagidi, gbogbo kòtò Èkó á sì wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ lọ. Bó bá kéré jù, á máa rì lábẹ́ rẹ. Èmi àti Muqtadir, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà Adéníji, la jọ wá ìwọ̀n tèmi. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà lára ẹsẹ̀ iwájú. Bí mo bá jókòó, rọ́bà náà á sún. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, a ó wo ibi tó dúró sí. A fẹ́ ẹ, a tú u, a tún un fẹ́. Kókó pupa kan tún wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ya ehoro sí apá kan rẹ̀, wọ́n ya ìjàpá sí apá kejì. Òun ló ń pinnu bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa yára padà sókè tó lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀. Ti ehoro ń ta mí sókè bí ẹ̀wà inú atẹ, a bá ń yí i lọ sọ́dọ̀ ìjàpá díẹ̀díẹ̀, títí mo fi sọ pé ó tó. Lọ́jọ́ tó tó yẹn, mo di léèsì sẹ́yìn, mo gba Òbáléndé dé Ìkòyí, mo tún gùn ún padà wálé, ìbàdí mi kò mọ̀ pé a jáde.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ rí mi lábẹ́ bíríìjì Òbáléndé. O sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ. O ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé, "Ìyá ta tún nìyẹn?", àti pé o kò lè sọ pé ìyá tìẹ ni. Mo gbọ́ ọ, mo gbé e mì. O ní kí n pa ṣọ́ọ̀bù Balógun tì, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Ìkòyí, mo ní rárá. O tún sọ ọ́, mo tún ní rárá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọjọ́ ìbí mi dé. O wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, o ní o fẹ́ bá mi sọ kẹ̀kẹ́ náà di ìgbàlódé. O gbé e lọ. Nígbà tí o máa gbé e dé, ó ń dán yinrin, ṣọ́ọ̀kì abẹ́ ìjókòó ti di tuntun, onísípíríǹgì gbàǹgbà, aláwọ̀ wúrà. Mo jó, Ọpẹ́olúwa. Mo kúnlẹ̀ nínú ọgbà níṣojú Alhaja Àdìjátù àti gbogbo ará ilé, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tó tún ohun ìní mi ṣe wálẹ̀ láéláé. Tí mo bá rántí àdúrà yẹn báyìí, ojú ara mi ń tì mí.

Nítorí láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Kòtò tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀ wá ń gbá mi nídìí bí ọmọ odó. Mo ra oríṣiríṣi ìpara. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo ń sùn lórí símẹ́ǹtì. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ya fọ́tò egungun, ó ní òun kò rí nǹkan kan, ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ orí ni." Mo pè ọ́, mo ní bóyá kẹ̀kẹ́ yìí le jù. Ṣé o rántí ohun tí o sọ? O ní, "Màmá, mo gùn ún fúnra mi, ó rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì." Mo sì gbà ọ́ gbọ́. Tí kẹ̀kẹ́ bá rọ̀ fún ọmọ mi, tó sì ń gún èmi, a jẹ́ pé ara mi ló ti bàjẹ́.

Mo dẹ́kun lílọ sí Ìkòyí. Àwọn oníbàárà mi ń pè, mo ń purọ́ fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró níwájú dígí, mo wo ara mi, mo ní, "Ó ti tán nìyẹn, Bọ́lánlé." Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́ pé mo gbà, màá kó wá. O pariwo ayọ̀ sí mi létí. Mo fi ṣọ́ọ̀bù lọ ọmọbìnrin Ẹ̀gbá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo sunkún lórí ẹrù yẹn, ìwọ kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ń nu kẹ̀kẹ́ náà kí Muqtadir lè bá mi wá ẹni tó máa rà á. Mo nu ẹsẹ̀ iwájú, mo rí rọ́bà kékeré yẹn. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èmi fúnra mi tì í sí nígbà tí mo nu kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn. Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ yìí kọjá gọ́tà Alhaja Àdìjátù láìmọye ìgbà lẹ́yìn náà. Mo jókòó lé e, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà kò sún, ẹsẹ̀ iwájú kò tẹ̀ rárá. Mo mú páǹpù mi jáde, mo fi géèjì rẹ̀ wò ó: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi. Mo tú u sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mo sì yí kókó pupa kúrò lọ́dọ̀ ehoro tí wọ́n tún yí i sí. Iwájú tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn kò tẹ̀, nítorí irin ni sípíríǹgì tí o fi síbẹ̀, irin kò ní afẹ́fẹ́ tí èèyàn máa tú.

Mo ránṣẹ́ pe Muqtadir. Bó ṣe rí ibi tí mo dúró sí pẹ̀lú páǹpù lọ́wọ́, ó ti mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, abẹ́g. Bọ̀dá Ọpẹ́ ló gbé sípíríǹgì yẹn wá, mo ní fún wọn pé ti ẹni tó sanra ni, kò lè wọ̀ yín. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní kí n fẹ́ iwájú kó le dáadáa, kó lè sú yín fúnra yín, kó má dà bíi pé àwọn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má gùn ún mọ́." Mo lé e jáde. Mo fi páǹpù lé e dé ojú títì, gbogbo Ìta Fàájì sì rí mi.

Àṣé òótọ́ ni o sọ pé ó rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Ó rọ̀ fún ọ, pẹ̀lú ikùn tí ìrẹsì Moyọ̀sọ́rẹ ti yọ fún ọ yẹn! Ara rẹ ni o fi wọn ara mi. O mọ̀ pé òótọ́ ni, o sì mọ ohun tí mo máa fi òótọ́ náà rò.

Ọpẹ́olúwa, ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe pé o kò fẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́. Ọmọ lè bẹ̀rù fún ìyá rẹ̀. Ọmọ lè tijú ìyá rẹ̀ pàápàá, ó ń ṣẹlẹ̀. Ò bá wá dúró níwájú mi kí o sọ pé, "Màmá, mi ò fẹ́." À bá jọ jà, màá bú ọ, wàá bínú lọ, wàá tún padà wá jẹun. Ṣùgbọ́n o gba abẹ́ ìdí mi wọlé. O jẹ́ kí n máa fura sí egungun ara mi. O gbọ́ mi tí mo ń kérora lórí fóònù, o ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," o sì mọ ohun tó ń ṣe mí ju dókítà lọ. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mi ò mọ̀ pé èmi ni ẹ̀fọ́. Má sì sọ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Mo ti gbọ́ ìyẹn kí o tó sọ ọ́, kò sì tù mí nínú.

Mi ò kó wá mọ́. Ẹrù tí mo dì, mo ti tú u. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà lọ́wọ́ ọmọ Ẹ̀gbá, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́rẹ fún kọ́tìnì tó rà sí yàrá náà, mo mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ yìí. Kí àwọn ọmọ máa lo yàrá náà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ: ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mi àtijọ́, èyí tí Muqtadir ní o jù sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. Gbé e wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí mi ò bá rí ọ, màá di léèsì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, màá gùn ún bí ó ṣe wà yẹn, pẹ̀lú irin rẹ lábẹ́ mi, láti ibí dé géètì ibi iṣẹ́ rẹ ní Ìkòyí. Ìbàdí á dùn mí, mo mọ̀. Màá gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, màá sì lóṣòó síbẹ̀ bíi bàbá mi. Wọn á béèrè pé ìyá ta nìyí. Lọ́tẹ̀ yìí, màá dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè parí ìwé sí ọ láìsúre. Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ rẹ kò ní fi ẹ̀tàn tọ́jú rẹ lọ́jọ́ alẹ́. Wọn yóò gbọ́ ọ nígbà tí o bá sọ pé ó dùn ọ́, wọn yóò sì bi ọ́ léèrè ibi tó ti ń dùn ọ́. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì dàgbà tó bí o ṣe fẹ́,
Bọ́lánlé, Ìyá Ọpẹ́.

Mo tún rántí: nígbà tí o bá ń bọ̀, má mú Muqtadir dání, má sì rán dẹ́rẹ́bà. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá tú irin yẹn kúrò, tí wàá sì dá ṣọ́ọ̀kì mi àtijọ́ padà síbẹ̀. Ìwọ ni wàá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà yìí, níbi tí mo ti kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ọ, wàá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wàá máa tú u, èmi á máa jókòó lé e, màá sì máa dìde. Èmi ni màá sọ fún ọ pé ó tó.