Òdo ní ojúlé Ìyá Ṣadé

Ọjọ́bọ, oṣù Òkúdù, 1991

Àbẹ̀kẹ́ aya mi, ó di ọjọ́ mọ́kànlélógójì lónìí tí o ti kú fi mí sílẹ̀.

Àwọn elétò ìrànwọ́ kan wá láti Àpápá, wọ́n ń ka ọmọ. Àdúgbò tí ọmọ bá pọ̀ sí jù ni wọn yóò gbẹ́ kànga fún. Wọ́n bi Ìyá Ṣadé pé ọmọ mélòó ló bí.

“Ọ̀gá, ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!”

Wọ́n kọ òdo, wọ́n kọjá lọ. Àwọn ọmọ náà ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí o máa ń fún àwọn ọmọ àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwọ kì í béèrè iye. Ṣe lo máa ń jókòó ti àwọn ìyá, tí wàá ní kí wọ́n dárúkọ ọmọ wọn. Ìwé tí o ń kọ orúkọ wọn sí ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. N kò tíì lè ṣí i, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ...

Lọ́la, màá gbé e lọ bá Ìyá Ṣadé. Màá ní kó máa dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, èmi náà á máa kọ ọ́ lọ.