Ọwọ́ Òsì Bùsáyọ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé ọmọ òrukàn ní Ìkòsí níbí. Mo kí Bàámi, mo kí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun àti ìyàwó wọn, mo sì kí Ìyá Àgbà, tí mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí ẹ ka lẹ́tà yìí fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọ tó rán mi wá síbí ló ní kí n jẹ́ kí àwọn tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ, nítorí náà ẹ má bínú pé gbogbo ayé ló máa bá yín kà á. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra.

Àlàáfíà ni mo wà. Òjò ń rọ̀ níbí lójoojúmọ́, bó bá sì ti dá, òórùn ata àti tòmátì láti ọjà Mile 12 á wọ kíláàsì wa wá, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí la máa jẹ lọ́sàn-án. Aunty Bọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Láàárọ̀, èmi ni mò ń darí àdúrà. Lẹ́yìn náà, màá wẹ̀ fún àwọn kéékèèké, màá di irun, kí n tó wá kọ́ àwọn tí kò tíì wọ ilé ìwé ní ìwé kíkà. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni àárò yín máa ń sọ mí jù. Oníkálukú á gba ilé ẹbí rẹ̀ lọ, èmi á jókòó síwájú yàrá mi, á máa ṣe mí bíi pé kí n wọ mọ́tò Ayétòrò wálé. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí kì í jẹ́ kó pẹ́. Ẹnì kan á ti wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, á ní kí n bá òun yọ ẹ̀gún.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an ni ti Bùsáyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Etí odò ní Àgbóyì ni ìyá ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ. Nígbà tí màmá náà kú, tí wọn ò rí ẹbí kankan, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú un wá sọ́dọ̀ wa. Kò wọ ilé ìwé rí. Mummy, ìyẹn ìyá tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọ wa, bá ilé ìwé kan ní Kétu sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà ní àwọn á gbà á, àmọ́ bí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀ àti gbólóhùn díẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn bá dán an wò, àárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn á fi í sí. Bùsáyọ̀ gbọ́. Ó sọ fún mi pé òun ò ní jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́rin, pé òun á kúkú padà sí Àgbóyì. Mo rò pé eré ló ń ṣe, àfi ìgbà tí mo rí aṣọ rẹ̀ tó ti dì sínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà mí, Màámi. Ta ló kù ní Àgbóyì tó máa gbà á sílé?

Oṣù méjì la fi fa ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ yìí. Ọmọ náà mọ gbogbo lẹ́tà, ó ń kàwé geere, ṣùgbọ́n bó bá ti di ká kọ ọ́, pẹ́ńsù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fẹ́ máa lò, èmi sì ní rárá. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe tọ́ wa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ yín, ẹran náà á padà sínú ìkòkò ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé pẹ́ńsù sí òsì ni mò ń yọ ọ́, tí mò ń fi í sí ọ̀tún. Mo ní kó jókòó lé ọwọ́ òsì náà. Mo fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́. Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ kan, mo di ọwọ́ náà mú, mo ní kí Ọlọ́run tú u sílẹ̀. Bùsáyọ̀ ṣe àmín tọkàntọkàn, ó sì fi ọwọ́ òsì náà nu imú.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n dán an wò, mo wọ yàrá àwọn ọmọbìnrin láti yẹ àwọ̀n ẹ̀fọn wọn wò, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ya. Mo bá Bùsáyọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ àwọ̀n kan sórí orúnkún, ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú di ojú ibi tó ya. Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ náà ń yára débi pé mi ò rí ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà, gbogbo kókó rẹ̀ sì dọ́gba. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyá àgbà òun ni, pé àwọn jọ máa ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja ni, pé ọwọ́ òsì ni ìyá àgbà náà ń lò. Ó wá bi mí, láì gbójú sókè, pé ṣé Ọlọ́run ń bínú sí ìyá àgbà òun ni.

Màámi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ojú tì mí gan-an. Mo sọ fún un pé rárá o, pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ròyìn fún Mummy, wọ́n ní ṣé láti oṣù méjì tí mo ti ń pariwo pé ọmọ yìí ò lè kọ̀wé, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé gan-an ni mo ní kó jókòó lé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ló kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, kò sí ibi tí kò kọ ọ́ sí: ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì, ẹ̀yìn Bíbélì mi. Nígbà tí a dé Kétu, ọ̀gá ilé ìwé náà na pẹ́ńsù sí i. Bùsáyọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó dúpẹ́, ó wá gbé e sí òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọ̀gá náà wo ọwọ́ yẹn, wọ́n tún wò mí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀! Àfi bí wọ́n ṣe gbé ìwé náà, tí wọ́n kà á, tí wọ́n ní kíláàsì kejì ló ń lọ. Mo pariwo Halelúyà nínú ọ́fíìsì wọn. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, a kọrin títí awakọ̀ náà fi ń bá wa gbè é. Bí a ṣe délé, Bùsáyọ̀ kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá, ó tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Màámi, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí àìsàn má mọ ilé yín. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kí àwọn aládùúgbò.

Bùsáyọ̀ náà kọ lẹ́tà sí yín, ìlà mẹ́ta péré, ó wà nínú àpòòwé yìí. Kó tó fún mi, ó bi mí pé ṣé kò ní bí yín nínú pé ọwọ́ òsì lòun fi kọ̀wé sí àgbà. Mo ní rárá, pé inú yín á dùn. Màámi, mo mọ̀ yín, mo sì mọ ohun tí mo sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lésì, kí n má di òpùrọ́ lójú ọmọ náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́láńlé