Baba, Ẹni Tó Gbé Omi Náà Ló Hán Bọ́ọ̀lù

Èmi Bọ́láńlé, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ní mọ́sáláṣí wa ní Lewisville lókè òkun, ni mo kọ lẹ́tà yìí sílẹ̀. Lásísì ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń tọ́jú pápá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ kan lápá Frisco níbí, kò sì mọ̀wé kọ. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí baba rẹ̀, àgbẹ̀ tó ti dàgbà, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ Gàníyù àbúrò rẹ̀. Baba ti fi ẹjọ́ náà sun gbogbo ìlú. Ìdí nìyí tí Lásísì fi ní kí èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí wọ́n sì kà á sí Baba létí lójú gbogbo ènìyàn. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Baba mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó abẹ́ igi òrombó, ẹ kú ojú lọ́nà òjò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà. Ẹ̀yin kò rí mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi kọ ìwé yìí rí mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo kí ìyá mi, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí orúnkún wọn kan omi tútù láàárọ̀. Mo kí Ìyá Gàní. Mo kí Bọ̀dá Múrí onígẹrun, tó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ síta fún yín lọ́jọ́ eré náà. Mo kí ẹni tó ń ka ìwé yìí. Kó jọ̀ọ́, kó má fo ibì kankan, kódà bí ẹ bá ń sọ fún un pé ó tó.

Mo mọ̀ yín, Baba. Ẹ ti fẹ́ dìde báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Fóònù lẹ lè pa, ẹ kò lè pa ìwé mọ́ àwọn ènìyàn lójú.

Oòrùn ibí le. Láti ìyálẹ̀ta ló ti ń jó, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sì gbóná bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe. Ilẹ̀ wọn dúdú. Bí òjò bá rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ bàtà bí amọ̀ ìkòkò. Bí òjò bá dá, á là débi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè há sí i. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń gbé páálí láti àárọ̀ títí, sìmẹ́ńtì nìkan ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Ìyàwó mi á wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, àwọn ọmọ á wà ní ilé ìwé, bí wọ́n bá sì dé, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í rí ibi sọ̀ sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pápá ni mo tó sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà fún yín bó ṣe rí. Láàárín pápá, ilẹ̀ kan wà tí gígùn rẹ̀ tó ìgbésẹ̀ méjìlélógún. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di pákó mú, kí ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà á kọ́kọ́ balẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ṣe rí ni bọ́ọ̀lù á ṣe ṣe. Èmi ni mo ni ilẹ̀ yẹn láti tọ́jú. Ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí ìdíje kan ku ọ̀la, mo rí i tí ilẹ̀ náà là, àánú ṣe mí, mo bá bomi rin ín títí ó fi yó. Àgbẹ̀ wo ló máa rí ilẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ tí yóò kọjá lọ? Nígbà tí àwọn eléré dé láàárọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń rì. Wọn ò lè ṣeré. Kóòṣì wọn wò mí títí, ó ní Ọ́ńkù, ṣé ẹ fẹ́ bá wa gbin ìrẹsì ni? Mo ní bó bá lè wá irúgbìn rẹ̀, yóò hù. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti kọ́ mi bí ilẹ̀ eré ṣe yàtọ̀ sí ilẹ̀ oko, àwọn náà sì ti mọ̀ pé mo mọ ilẹ̀. Ní báyìí, wọn kì í yan ẹni tó máa ṣeré láì kọ́kọ́ bi mí léèrè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń wá ènìyàn tuntun fún sáà yìí, ààyè ẹni méjì péré ló wà fún àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Èmi ni mo sọ fún kóòṣì pé mo ní àbúrò nílé tó kọ́ eré yìí ní yunifásítì, tó ń sáré bí ẹṣin kó tó ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n wo fídíò rẹ̀, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ó buwọ́ lùwé. Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ilé mi ló ń gbé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, Baba, bí wọ́n bá ti ń ka ìwé yìí lọ.

Ìdíje ọjọ́ Sátidé yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ kan ló wá láti Houston, ẹni tó bá borí ni yóò tẹ̀ síwájú. Àwọn mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀, mọ́kànlá ni wọ́n máa mú. Láàárọ̀ Àlàmísì, Gàní wá bá mi níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ilẹ̀ náà. Ó kí mi, ó bá mi ṣa òkúta díẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ ní bọ̀dá mi, kóòṣì máa bi yín lónìí. Bí ilẹ̀ bá le, èmi ni wọ́n máa mú, nítorí bọ́ọ̀lù mi á máa fò. Bí ilẹ̀ bá ń fọ́, Ṣáfíkì ni. Ṣáfíkì yìí, awakọ̀ ni, ọmọ Bangladesh, mọ́sáláṣí kan náà la ti ń kírun. Kì í sáré. Ìka ló fi ń lọ́ bọ́ọ̀lù, tí á sì yí bírí bó bá ti balẹ̀. Gàní ní kí n ṣáà sọ pé ilẹ̀ ṣì le. Ó ní Baba ti sọ fún gbogbo ìlú pé òun máa ṣeré. Mo ti ẹ̀rọ mi síwájú.

Kóòṣì dé lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ó ní Ọ́ńkù, kí ni ilẹ̀ wí? Gàní dúró sí ẹ̀bá ògiri, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo lóṣòó, mo bu ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ibi tó là, mo fún un mọ́ ọwọ́, mo sì là á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Baba. Ẹ máa ń ní kí n má ṣe fi ojú wò ó, kí n fi àtàǹpàkò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo béèrè. Ó fọ́ bí èlùbọ́.

Mo tún un fún mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá yóò dúró. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Mo wo Gàní, mo wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún kóòṣì pé tó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé, ilẹ̀ yìí á ti máa tú, bọ́ọ̀lù á máa yí, kò ní fò. Nígbà tí orúkọ jáde, àkọ́bí mi obìnrin ló kà á fún mi lórí fóònù. Ṣáfíkì wà láàárín mọ́kànlá. Gàní ṣe ìkejìlá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, Ìyá Gàní ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹ dé fìlà Iléyá. Wọ́n ní ẹ ti kó àga síta láti ọ̀sán, ẹ sì ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé ọmọ yín ni ẹ fẹ́ wò. Eré bẹ̀rẹ̀, ẹ kò rí i. Nígbà tí wọ́n dúró láti mu omi, ẹ rí Gàní tó jáde sínú pápá, ike omi kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, aṣọ ìnura wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní aláwàdà kan ní ẹ̀yìn yín ní háà, Baba, ẹ ò sọ fún wa pé omi ló lọ ń pọn nílùú òyìnbó! Ẹ kò bá a jà. Ẹ dìde, ẹ gbé àga yín, ẹ wọlé.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ìwé tí ẹ kò rán mi ló ṣì ń dùn mí. Ẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ ti fi Gàní sí ilé ìwé tí ẹ fi ọkọ́ lé èmi lọ́wọ́ ni mo ti ń wá ibi tí mo máa gbà mú un, nítorí kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ẹ sì pa fóònù.

Baba, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá inú ara mi wò, bóyá òótọ́ lẹ sọ.

Mo bínú nígbà kan. Lọ́dún tí Gàní bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, èmi ni mo ń gbé e léjìká kọjá odò, mo máa ń di bàtà rẹ̀ mú kí ó má baà tutù. Bí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódì kejì, màá padà sídìí ebè. Mo máa ń sunkún lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ó tẹ̀lé mi wá sóko, ó fi ìka kọ orúkọ mi sílẹ̀ láàárín ebè méjì, ó ní bọ̀dá mi, ẹ̀yin rè é. Bí mo ṣe gbójú sókè, ẹ̀yin ni mo rí, ẹ ru apẹ̀rẹ̀ iṣu ń bọ̀. Mo rò pé ẹ ó jágbe mọ́ wa pé à ń fi iṣẹ́ ṣeré. Ẹ wo ilẹ̀ náà. Ẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nǹkan ni. Ẹ kò sọ̀rọ̀. Ẹ yà, ẹ gba ẹ̀yìn ebè kejì kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, kí ẹ má baà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ ń padà bọ̀, ẹ tún yà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń yà títí òjò fi pa á rẹ́.

Ẹ kò mọ̀ pé mo ń wò yín. Ibẹ̀ ni mo bínú mọ, Baba. N kò bínú ìwé mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ní ti omi, kì í ṣe ìwọ̀fà ló ń gbé e. Ìkejìlá ló ń gbé e, ẹni tó sún mọ́ mọ́kànlá jù lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, òun ló ń wọlé dípò rẹ̀. Bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti sùn nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, àwọn ará Houston ló ń gbá, àmì mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n borí wa, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù tí a máa lé jáde. Ìka ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti yẹ̀, wọ́n ti gbé Gàní wọlé dípò rẹ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ju bọ́ọ̀lù, kó ṣáà máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá. Ṣáfíkì lọ́ ọ, ilẹ̀ tú gẹ́lẹ́ níbi tí mo wí, ọkùnrin náà sì fi gbogbo agbára gbá a sókè. Bọ́ọ̀lù náà wọ inú oòrùn. N kò rí i mọ́. Gàní ni mo rí, ó ń sáré. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi ju bọ́ọ̀lù ló fi sáré yẹn, Baba. Ó fò, ó na ọwọ́ òsì, ó hán an lójú òfuurufú, ó sì ṣubú lé ìgbọ̀nwọ́. Kò jẹ́ kó bọ́. Bí wọ́n bá ti hán an kó tó balẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn, bí a ṣe borí nìyẹn. Ṣáfíkì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé e sókè bí ọmọ ìkókó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó dùn mí. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ eré sí, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀. Arọ́pò ni wọ́n kọ. N kò mọ̀wé, àmọ́ ọmọ mi kà á fún mi, mo sì ní kó tún un kà. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ èyí, kí ó lè wà nínú ìwé kan níbì kan: Gàníyù ọmọ yín ló hán bọ́ọ̀lù náà. Ẹ̀gbẹ́ pápá tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ha koríko, n kò tíì tún un ṣe. Mo ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ méjì ni Gàní kò fi bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó tẹ̀lé mi lọ sí pápá, ó bu ilẹ̀, ó fún un, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní bọ̀dá mi, ṣé èyí dúró àbí ó fọ́?

Àṣàyàn mìíràn ń bọ̀. Kóòṣì á bi mí, ohun tí ilẹ̀ bá wí náà ni màá wí. Ẹ bá wa tọrọ òjò díẹ̀ lọ́jọ́ Àtìní, kí koríko tutù, kí ilẹ̀ di, kí bọ́ọ̀lù Gàní lè fò. Àdúrà òjò yín máa ń gbà. Bó bá sì jẹ́ pé omi náà lẹ tún rí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ẹ dúró dè é.

Ọlọ́run á dá oúnjẹ ọdún yìí sí fún yín. Ojú yín kò ní ṣókùnkùn kí ẹ tó tún rí wa. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará oko, àti aláwàdà ẹ̀yìn àga yín pàápàá. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán, màá pè. Ẹ gbé e.

Ọmọ yín tí ẹ fi ilẹ̀ kọ́,
Lásísì

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Lásísì ló fi ṣe àmì sókè yìí. Ó fọ ọwọ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ilẹ̀ dúdú hàn nínú rẹ̀. Èmi Bọ́láńlé ka gbogbo rẹ̀ padà sí òun àti ẹlẹ́rìí méjì létí, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn méjì buwọ́ lù ú pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ṣáfíkì, tó ju bọ́ọ̀lù náà.
Ẹlẹ́rìí kejì: Gàníyù, tó hán an.