Àga Ìyá Rẹ Tó Wà ní Ilé Ìkẹ́rùsí Rẹ

Ọmọ mi, ọ̀gá àwọn ẹrù,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Àwọn ẹrù tó wà lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé òjò ò pa wọ́n, ṣé eku ò jẹ wọ́n? Mo kí wọn torí mo mọ̀ pé àwọn lo ń jí rí láràárọ̀, o ò jí rí wa. Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí ilé tó fẹ̀ tó pápá yẹn kò ní jẹ́ kí iná jó o, olè ò sì ní fọ́ ọ. Ó ṣe tán, ẹrù tiwa náà wà níbẹ̀.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àfi páànù ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ká lọ. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ tí rọpárọsẹ̀ mú ò tíì padà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti padà pátápátá, èmi ló sì ń lò ó fún. Láràárọ̀ ni mo máa ń pọ̀n ọ́n láti yàrá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè rí títì, kó kí èèyàn, kí èèyàn kí i. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa rẹ́rìn-ín pé bàbá àgbà pọn ìyàwó, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá orúnkún mi yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwa méjèèjì ṣubú, èjìká ni ìyá rẹ fi gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ní kí n má pọn òun mọ́, kí n má bàa kú mọ́ òun lọ́rùn. Fèrèsé kan péré ni yàrá yẹn ní, ògiri ilé káfíńtà ló sì kọjú sí.

Nítorí irú èyí ni àbúrò rẹ ọkùnrin ṣe ra àga onítáyà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Nígbà tó ní ilé iṣẹ́ tìrẹ gan-an lòun fi í ránṣẹ́ sí, mo lọ ń sọ kiri àdúgbò pé àga ti dé, torí ẹrù tó bá ti dé ọwọ́ ọmọ ẹni, ó ti délé. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Oṣù karùn-ún rèé.

Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, mo mú bírò, mo jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Wọ́n bèèrè iye tí ẹrù náà tó. Ṣé èèyàn ń díye lé ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ ni? Mo kọ ọ́ pé kò tó nǹkan, pé ẹ̀bùn ni. Wọ́n bèèrè ẹni tí yóò lò ó. Ǹ bá kọ orúkọ ìyá rẹ nìkan, ṣùgbọ́n mo rò ó pé àwọn aṣọ́bodè tó máa ka fọ́ọ̀mù náà ò mọ̀ wá rí, wọ́n á ní irú ahun wo lèyí tó ní àga tí kò fi lọ ẹnikẹ́ni. Mo wá kọ ọ́ pé gbogbo wa la ni ín, pé ẹnikẹ́ni tó bá yà sílé wa, kódà kó jẹ́ aṣọ́bodè fúnra rẹ̀, yóò rí i jókòó lé. Mo fi ìkíni sí i nísàlẹ̀, mo sì bu ọwọ́ lù ú.

Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló bá mi túmọ̀ èsì wọn. Ó ní àwọn aṣọ́bodè ní ohun tí kò tó nǹkan kì í wá nínú páálí tó tóbi tó yẹn, pé ó jọ pé a fẹ́ sá fún owó bodè. Ó ní àga aláìsàn kì í san owó bodè, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé ń jókòó lé, ọjà ni, àfi ká mú ìwé àṣẹ oníṣòwò wá. Èmi tí mi ò ta nǹkan kan rí láyé mi ju kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ lọ, wọ́n sọ mí di oníṣòwò àga. Ìwà ọmọlúàbí ni mo fi kọ fọ́ọ̀mù, ìyẹn náà ni wọ́n fi di àga mú.

Mo pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ ní ká fi máa tọpa ẹrù. Ó gùn ju nọ́ńbà ọmọ èèyàn lọ, kò sì dún. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo tẹ̀ ẹ́ kí tíṣà tó sọ pé wọn kì í pè é, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Mo wá pe ọ́fíìsì rẹ. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó kí mi káàbọ̀. Mo sọ fún un pé bàbá ọ̀gá rẹ̀ ni mí, ó ní kí n tẹ oókan. Mo ní ìyá ọ̀gá rẹ̀ ni ò lè rìn, ó ní kí n tẹ eéjì. Mo gbàdúrà ọkọ rere fún un, kò ṣàmín. Bí o bá rí i, sọ fún un kó máa dákẹ́ díẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí àgbà ń wí.

Ìwọ náà sọ fún mi lórí fóònù lóṣù kejì tí àga dé pé torí pé o jẹ́ ọmọ wa gan-an lo ò ṣe lè fọwọ́ kan ìwé náà, wọ́n á ní o ń ṣojúsàájú, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo yìn ọ́ lọ́jọ́ náà, torí èmi ni mo kọ́ ọ pé kó o má jalè. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o jí àga? Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kó o wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Ṣé ojúsàájú nìyẹn náà?

Ìwé tó dé lọ́sẹ̀ yìí ló wá bà mí nínú jẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Oníbàárà wa ọ̀wọ́n ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ méje ni ẹrù fi ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́, pé owó ìpamọ́ ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, bí a ò bá sì wá kó o kí oṣù yìí tó parí, àwọn á lù ú ní gbàǹjo. Mo ń bú ẹni tó kọ ọ́ lọ títí mo fi dé ìsàlẹ̀, mo wá rí ìbuwọ́lùwé. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú nígbà tó o kọ́kọ́ ń kọ orúkọ rẹ, ìrù tó o máa ń fà sí ìparí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tíṣà ní ẹ̀rọ ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé ọ̀gá lè má tilẹ̀ fojú kàn án. Mo ní kó má gbèjà rẹ, ẹ̀rọ kọ́ ni mo rán nílé ìwé.

Nígbà tí mo ka ìwé náà fún ìyá rẹ, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá o bèèrè òun nínú rẹ̀. Mo ní rárá. Ó wá ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé oṣù mẹ́sàn-án gbáko lòun fi pa ọ́ mọ́, òun ò sì gba owó ìpamọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, mo ti rò ó. Bí ẹrù ò bá lè jáde wá bá ẹni tó ni ín, ẹni tó ni ín á wọlé lọ bá ẹrù. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, káfíńtà á sì tẹ̀ lé wa kó lè bá mi gbé ìyá rẹ. Ìyá rẹ ti gbà, ó ti ní kí n ká aṣọ òun méjì. Ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí fún wa, jẹ́ kó jókòó lórí àga rẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn ẹrù. Àga ò ní kọjá géètì, inú ò ní bí aṣọ́bodè. Wádìí fún mi bóyá èèyàn pẹ̀lú ní ọjọ́ méje tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹrù. Bí fọ́ọ̀mù bá wà tí wọ́n ń kọ fún un, tètè fi ránṣẹ́, mi ò ní kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí pé kò tó nǹkan.

Owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, àti owó ìpara orúnkún. Àlọ nìkan ni kó o san. Àbọ̀ ò kánjú, torí mi ò mọ ìgbà tó máa wu ìyá rẹ láti dìde.

Ọlọ́run á máa gbé ọ ga sí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ̀ ọ́. Bó bá sì wá kọ̀ ọ́, ọmọ rẹ ò ní sí ní ọ́fíìsì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.