Ìdajì Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Eṣinṣin

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Wàhálà dé. Màmá Fèrè — kóòṣì wa, fèrè ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, ó dá mi lójú pé ó fi ń sùn — ní kí n máa kọ́ àbúrò mi ní rọ́gbì. Eṣinṣin là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Tó bá ń sáré, òjìji ẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun.
Òfin Màmá Fèrè ò ju ẹyọ kan lọ: wo ẹni tó kẹ́yìn lára àwọn alátakò. Tó bá dúró sẹ́yìn, yẹ àwọn tó wà níwájú, sá lọ. Tó bá sáré wá síwájú, ilé ti ṣófo lẹ́yìn ẹ̀ nìyẹn — gbá bọ́ọ̀lù gba orí ẹ̀ kọjá. "Kọ́ ọ ní méjèèjì o. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ló máa wọ jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́wàá."
Nọ́ńbà mẹ́wàá kẹ̀? Ọrùn tèmi ló wà!

Ọjọ́rú, 6
Yíyẹ̀. Mo to bàtà gbogbo ará ilé sẹ́yìn ilé. Kò tẹ ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Yíyẹ̀ náà ni. Ó ní, "Àǹtí mi, gbígbá ńkọ́?" Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la tèmi ò ní déètì.

Ọjọ́bọ̀, 14
Màmá Fèrè bi mí pé ṣé mo ti kọ́ ọ ní méjèèjì. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Mo tún búra. Ta ló ní kí n búra?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Ìdíje. Eṣinṣin yẹ ẹnì kan, ó yẹ ìkejì. Ni ẹni ẹ̀yìn wọn bá sáré bọ̀ — ó tóbi bíi fíríìjì tí inú ń bí. Ilé ṣófo lẹ́yìn ẹ̀, gbayawu. Mo yanu kí n pariwo "Gbá a!" Mo pa á dé. Eṣinṣin yẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹlòmíì wà lọ́tùn-ún.
Mo gbọ́ bí egungun ẹ̀ ṣe dá láti ibi tí mo dúró sí. Èyí kì í ṣe àsọdùn.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Egungun èjìká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Màmá Fèrè bi í lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé ṣé n ò kọ́ ọ ní gbígbá ni. Ó ní, "Àǹtí mi kọ́ mi, mà. Èmi ni mo gbàgbé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Èmi ni mò ń wọṣọ fún un, tí mò ń bá a de okùn bàtà. Mọ́mì ní irú ẹ̀gbọ́n bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Ó fi ẹran kún tèmi. Mo gbé e fún ajá aládùúgbò. Kódà ajá yẹn kọ́kọ́ wò mí wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 21
Jẹ́sì yìí ń jó mi lára bí èsìsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Eṣinṣin gbé bọ́ọ̀lù wá sẹ́yìn ilé, apá kan nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn. Ó ní èjìká ló dá, ẹsẹ̀ ò dá. Mo kọ́ ọ ní gbígbá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Ẹ̀ẹ̀kẹta péré!
Ó ní, "Ẹni tó sáré bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ló yẹ kí n ṣe?"
Ẹnu mi yá ju orí mi lọ: "Gbá a kọjá. Ilé ti ṣófo lẹ́yìn ẹ̀."
Ó ní: "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé láti kọ́ mi. Ìyẹn ni mo ṣe ní èmi ni mo gbàgbé. Ṣé ẹ gbàgbé, Àǹtí mi?"
Kí n kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni ló kù. Ọ̀rọ̀ á bùṣe. Èmi tí mo lè purọ́ fún dígí kó gbà.
Mo ní rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Mo gbé jẹ́sì lọ sílé Màmá Fèrè. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Fèrè bọ́ lẹ́nu ẹ̀.
Mo délé, Eṣinṣin jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó kàn na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú — okùn bàtà ẹ̀ ti tú.