Ẹ Má Gé Ẹ̀rín Alasdair Kinnear Kúrò

Ilé Strathallan,
Òkè Careys Bay,
Port Chalmers.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àwo Orin Etíkun,
Port Chalmers.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀWO ORIN ẸGBẸ́ KINNEAR TÍ Ẹ FẸ́ GÉ

1. Èmi, Ọlọ́lá Jùlọ Hamish Strathallan, adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ju tiyín lọ, ni mo ń kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ kò mọ́ mi lára.

2. Nínú òtútù oṣù Kẹfà, Ọ̀gbẹ́ni Alasdair Kinnear tẹ dùrù ní gbọ̀ngàn àwọn atukọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Rewi Parata lu ìlù, Ìyáàfin Ngaire Houlihan fọn sasofóònù, ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ láti fi ṣe àwo. Orin jáàsì tiwọn kò ní ìwé. Ojú agbo ni wọ́n ti ń dá a. Bí ẹnì kan bá dákẹ́, àwọn yòókù kì í bi í léèrè. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún un títí yóò fi padà wọlé.

3. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Kinnear dákẹ́, tó gbé orí lé dùrù, kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n rọra ń ṣeré yí i ká. Nígbà tó pẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Parata ní, "Alasdair, ṣé o ti sùn ni? Dìde jọ̀ọ́, àwọn èèyàn yìí sanwó wọlé." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí orin parí tí kò dìde la tó mọ̀ pé Bàbá àgbà, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Kinnear, ti kú.

4. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Parata ò fọwọ́ kan ìlù mọ́. Ó kó wọn sí ibi tó ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sí, ó fi ọ̀rá dúdú bò wọ́n. "Òkú ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá lọ kí i. Moira, ìyàwó olóògbé, se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn lọ fún un, kò jẹ ẹ́. Moira ní, "Rewi, ṣebí àwàdà lẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín ṣe láti kékeré." Ó dá a lóhùn pé, "Ó máa ń fèsì nígbà náà, Moira."

5. Ẹ wá kọ̀wé pé ẹ ó gé ibi àwàdà yẹn kúrò, nítorí ọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé inúure ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí agbohùnsílẹ̀ yín jẹ́ kí ẹbí gbọ́ ọ, bí ẹ̀rín gbọ̀ngàn ṣe ń rọlẹ̀, ohun kékeré kan dún, agbohùnsílẹ̀ yín sì ní àga ló ń han. Kì í ṣe àga. Ẹ̀rín Alasdair Kinnear ni: á kọ́kọ́ fa èémí sínú, á wá tú u jáde nímú lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ àwàdà náà, ó sì dùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá gé e, èsì tí Ọ̀gbẹ́ni Parata ń dúró dè lẹ gé dànù.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí àwo náà tó jáde, ẹ mú un lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Parata, kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi gbọ́ ọ.

7. Ẹ ó bi mí bí adájọ́ ṣe mọ ẹ̀rín ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Kò sí adájọ́ kankan. Mo ti kọ̀wé sí yín lórúkọ ara mi rí, ẹ ní kí àgbàlagbà kọ̀wé. Mo bá wá àgbàlagbà kan fún yín. Kò sẹ́ni tí n kì í sín jẹ, ẹ̀rín Bàbá àgbà sì ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sín. Mo lè pe Ọ̀gbẹ́ni Parata lórí fóònù lónìí, kí n rín in fún un, kí n ní inú àwo ló ti wá. Á gbà mí gbọ́. Mo ti gbé fóònù lánàá, mo tún gbé e sílẹ̀. Tèmi kọ́ ló yẹ kó gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, lórúkọ ara mi báyìí,
Merran Kinnear,
ẹni tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì orin nítorí ó ń sín olùkọ́ jẹ,
ọmọ ọmọ Alasdair.