Tábà Oríṣi Mẹ́ta fún Bàbá ní Jọ́ọ̀sì

Dúgbẹ̀, Ìbàdàn,
Sátidé, 16 Nòfẹ́ḿbà, 1963.

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Ara mi le koko bí ọta.

Ṣílè márùn-ún tí ẹ ní kí n fi ra tábà páìpù kò ká agolo ńlá. Mo ní kí Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ, tó ń ta tábà ní Dúgbẹ̀, bá mi wọ̀n díẹ̀díẹ̀ nínú oríṣi mẹ́ta, kí ẹ tọ́ wọn wò, kí ẹ mú èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò ṣeé fọkàn tán. Agolo òyìnbó ló ṣí, àmọ́ nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ rún tábà inú rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, òórùn tábà ìbílẹ̀ Ṣakí ni mo gbọ́. Mo bi í, ẹ̀rín ló ń rín.

Ni mo bá ń ṣọ́ ọ. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àtàárọ̀ títí ó fi ń tilẹ̀kùn, mi ò rí i kó lú nǹkan kan mọ́ tábà. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé àpótí fún mi kí n jókòó. Lánàá, ó ní kí n kúkú máa bá òun wọn tábà. Nínú mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, èyí tí mo fi òwú pupa dì ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n.

Ẹ sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ lẹ́tà síbẹ̀ mọ́, mi ò fọkàn tán àwọn tó ń gba lẹ́tà níbẹ̀. Ẹ máa kọ ọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Adéyẹmọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín,
Adéróunmú